Ẹni A Bá Lábà Kọ́ Ni Baba

Àwọn àgbà máa ń sọ pé ẹni a bá lábà ni baba. Ọ̀rọ̀ náà dára fún àlejò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé oko, tí òùngbẹ ń gbẹ, tí kò sì mọ ẹni tó ni ilẹ̀. Kó kí ẹni tó bá níbẹ̀, kó gba omi mu, kó máa lọ. Ṣùgbọ́n nínú ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì, òwe yìí ti ṣi ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé lọ́nà, òun gan-an ni mo sì fẹ́ bá jà nínú àròkọ yìí. Wọ́n á bá kẹ́míkà kan nínú ìgò tí fọ́ńgọ́ọ̀sì ń gbé, wọ́n á ní fọ́ńgọ́ọ̀sì ló ṣe é. Wọn kò ní béèrè bóyá àlejò ni kẹ́míkà náà, tàbí bóyá ọwọ́ àwọn fúnra wọn ló gbé e wọlé.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí fọ́ńgọ́ọ̀sì jẹ́, nítorí àwọn òbí tó lè máa ka ìwé yìí pẹ̀lú ọmọ wọn. Ẹbí ńlá ni. Olú tí à ń sè lọ́bẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ìwúkàrà tó ń mú búrẹ́dì wú wà nínú rẹ̀. Ohun aláwọ̀ ewé tó máa ń hù lára búrẹ́dì tó ti bu wà nínú rẹ̀. Wọn kì í ṣe ewéko, wọn kì í ṣe ẹranko. Wọn kò lẹ́sẹ̀ tí wọ́n lè fi sá fún ọ̀tá, wọn kò léyín tí wọ́n lè fi bù ú jẹ, nítorí náà kẹ́míkà ni ọ̀pọ̀ wọn fi ń jà. Ìdí nìyẹn tí àwọn onímọ̀ fi ń wá oògùn lára wọn.

Mi ò wá sọ pé irọ́ ni gbogbo oògùn tó ti ara wọn wá o. Ojúlówó ni penicillin. Ní 1928, ní ilé ìwòsàn St Mary's nílùú Lọ́ńdọ̀nù, Alexander Fleming rí i pé fọ́ńgọ́ọ̀sì kan tó ṣèèṣì bọ́ sínú àwo tó fi ń tọ́ bakitéríà kò jẹ́ kí bakitéríà tó wà nítòsí rẹ̀ yè. Ojúlówó ni lovastatin, oògùn tó ń dín ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ kù. Ilé iṣẹ́ Merck ní Amẹ́ríkà rí i lára Aspergillus terreus, Akira Endo ní ilẹ̀ Japan sì rí ohun kan náà gan-an lára fọ́ńgọ́ọ̀sì mìíràn, Monascus ruber. Ibi méjì, ọwọ́ méjì, fọ́ńgọ́ọ̀sì méjì, ohun kan ṣoṣo. Irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ máa ń fọkàn ẹni balẹ̀.

Ojúlówó ni aflatoxin náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé májèlé ni. Ní 1960, tòlótòló tó lé ní 100,000 kú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Kò sẹ́ni tó mọ ohun tó pa wọ́n, ni wọ́n bá sọ àrùn náà ní àrùn X. Nígbà tó yá, wọ́n tọ ipasẹ̀ ikú náà dé ìdí oúnjẹ ẹran tí wọ́n fi ẹ̀pà láti ilẹ̀ Brazil ṣe. Ká ní wọ́n dúró síbẹ̀ ni, ẹ̀pà ni ìbá jẹ̀bi títí dòní, nítorí òun ni wọ́n bá lábà. Wọn kò dúró síbẹ̀. Wọ́n mú fọ́ńgọ́ọ̀sì tó wà lára ẹ̀pà náà, wọ́n gbìn ín sórí ẹ̀pà tó mọ́, májèlé náà sì tún jáde. Orúkọ fọ́ńgọ́ọ̀sì yẹn, Aspergillus flavus, ni wọ́n fi sọ májèlé náà. Nítorí pé wọ́n wádìí dé ìdí rẹ̀ ni àwa náà fi mọ̀ lónìí pé kí a sá ẹ̀pà àti àgbàdo gbẹ dáadáa kí a tó kó wọn pamọ́, àti pé kí a ṣa èyí tó bu kúrò.

Nísinsìnyí, ẹ wo bí wọ́n ṣe ń wá kẹ́míkà lára fọ́ńgọ́ọ̀sì nínú láàbù. Wọ́n á se oúnjẹ fún un: nígbà mìíràn ìrẹsì, nígbà mìíràn ṣúgà pẹ̀lú ẹran tàbí ìwúkàrà tí wọ́n ti lọ̀. Wọ́n á gbé oúnjẹ náà sínú ìkòkò ńlá tó ń fi ooru gbígbóná pa kòkòrò, tó jọ ìkòkò onídèérí líle tí àwọn ìyá wa fi ń se ẹ̀wà. Wọ́n á gbin fọ́ńgọ́ọ̀sì sí i, wọ́n á fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Lẹ́yìn náà wọ́n á da methanol tàbí kẹ́míkà olómi mìíràn lé e lórí kó lè fa ohun inú rẹ̀ jáde. Wọ́n á fi ooru gbẹ omi náà, wọ́n á jẹ́ kí ohun tó kù ṣàn gba inú gíláàsì gígùn tí wọ́n kó ìyẹ̀fun silica sí, títí wọn yóò fi rí ẹ̀kún ṣíbí kékeré ìyẹ̀fun funfun kan. Inú wọn á dùn. Wọ́n á sọ ọ́ lórúkọ, wọ́n á sì kọ ọ́ sínú ìwé.

Ẹ bá mi ka iye àlejò tó ti wọlé kí ìyẹ̀fun yẹn tó jáde. Oúnjẹ tí a sè wà níbẹ̀. Methanol wà níbẹ̀. Silica, ooru, ìmọ́lẹ̀, afẹ́fẹ́ wà níbẹ̀. Rọ́bà tí omi gbà kọjá àti ike tí a fi dé ìgò wà níbẹ̀. Èwo nínú wọn ni kò lè bí ọmọ?

Ike ni kí n fi bẹ̀rẹ̀, nítorí òun ló burú jù lójú mi. Kẹ́míkà kan wà tí wọ́n ń pè ní phthalate, tí àwọn tó ń ṣe ike máa ń pò mọ́ ọn kó lè rọ̀, kó má baà máa fọ́ bí èèpo ẹyin. Kì í jókòó sójú kan. Bí ọtí tàbí methanol bá ti kan ike náà, díẹ̀díẹ̀ ni yóò máa yọ́ jáde. Tí ẹ bá lọ wo ìwé àwọn onímọ̀, ẹ ó rí i pé ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n ti kọ ọ́ pé fọ́ńgọ́ọ̀sì kan, tàbí bakitéríà kan, tàbí ewé kan ló ṣe phthalate, pé ó sì ń pa kòkòrò àrùn. Èyí tó pọ̀ jù lára ìròyìn bẹ́ẹ̀, ike láàbù ni wọ́n fi ń ṣèwádìí láìmọ̀. Ẹni tó bá da eérú ni eérú ń tọ̀.

Methanol náà kì í ṣe omi lásán. Bí ó bá pàdé kẹ́míkà tó jẹ́ ekan, pàápàá tí ooru bá wà níbẹ̀, ó lè so apá kan ara rẹ̀ mọ́ ọn, kó sì di ohun tuntun. Acetone náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, ọtí ethanol náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Fọ́ńgọ́ọ̀sì ti kú tipẹ́ nígbà tí wọ́n so pọ̀, ṣùgbọ́n òun ni wọ́n máa kọ orúkọ rẹ̀ sí ìwé bí ìyá ọmọ. Ní ti oúnjẹ tí a sè, àwọn ègé ẹran àti ìwúkàrà inú rẹ̀ máa ń yí padà nínú ooru, àwọn kan á sì so pọ̀ bí òrùka, méjì méjì. Ọ̀pọ̀ irú òrùka bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti ròyìn pé kòkòrò ló ṣe, nígbà tó jẹ́ pé inú ọbẹ̀ ló ti wà kí kòkòrò tó débẹ̀.

Àwọn kan á ní, ìgbà wo ni ọ̀rọ̀ yìí wá rọrùn tó bẹ́ẹ̀? Ṣé gbogbo ohun tí oúnjẹ tàbí ọwọ́ ènìyàn bá kàn ló ti di àtọwọ́dá? Rárá. Ọ̀rọ̀ penicillin fúnra rẹ̀ ló jẹ́ kí n mọ̀ pé a gbọ́dọ̀ fara balẹ̀, ó sì dùn mọ́ mi láti sọ ọ́ nítorí omi àgbàdo wà nínú rẹ̀.

Ní 1941, nígbà ogun, Howard Florey àti Norman Heatley gbé fọ́ńgọ́ọ̀sì náà láti Oxford lọ sí Amẹ́ríkà, torí pé èyí tí wọ́n ń rí nílé kéré jù. Ní ìlú Peoria, ní ìpínlẹ̀ Illinois, àwọn onímọ̀ ibẹ̀ ní omi kan lọ́wọ́ tí ẹnikẹ́ni kò fi bẹ́ẹ̀ rí lò. Omi tí àwọn ilé iṣẹ́ fi rẹ àgbàdo kí wọ́n tó yọ sítáàṣì rẹ̀ ni. Ẹ rò ó bí omi tí ìyá ológì fi rẹ àgbàdo, tí wọ́n wá sè títí tó fi ki. Wọ́n bù ú fún fọ́ńgọ́ọ̀sì náà, penicillin sì di ìlọ́po lọ́nà púpọ̀. Nígbà tí wọ́n wá fi ti Oxford wé ti Amẹ́ríkà, wọn kò rí bákan náà! Ara kan náà ni wọ́n ní, ṣùgbọ́n ìrù wọn yàtọ̀. Wọ́n pe ti Oxford ní F, wọ́n pe ti Amẹ́ríkà ní G. Níbo ni ìrù G ti wá? Láti inú omi àgbàdo ni. Ohun kan wà nínú rẹ̀ tí fọ́ńgọ́ọ̀sì rí, tó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ so mọ́ ara penicillin. Lẹ́yìn náà, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ń fún un ní ohun tí yóò fi ṣe ìrù. Nígbà tí wọ́n fún un ní irú mìíràn, penicillin V ló jáde, èyí tí ekan inú ikùn kò tètè bàjẹ́, tí a fi lè gbé e mì láìgba abẹ́rẹ́.

Ṣé ojúlówó ni penicillin G? Lójú tèmi, bẹ́ẹ̀ ni. Àgbàdo ló mú ìrù wá, ṣùgbọ́n fọ́ńgọ́ọ̀sì tó wà láàyè ló rán an mọ́ ara aṣọ tó hun fúnra rẹ̀. Télọ̀ tí oníbàárà gbé bọ́tìnì wá fún ṣì ni télọ̀. Ohun tí methanol so pọ̀ nínú òkú fọ́ńgọ́ọ̀sì kò rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i: a kì bá tí mọ ìyàtọ̀ láàárín F àti G ká ní ẹnikẹ́ni kò gbé oúnjẹ méjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn wò. Ibi tí mò ń lọ gan-an nìyẹn.

Ohun tó yẹ kó wà nínú gbogbo irú iṣẹ́ yìí ni ìgò kejì. Oúnjẹ kan náà, láti inú ìkòkò kan náà, ooru kan náà, iye ọjọ́ kan náà, methanol kan náà, rọ́bà kan náà. Ohun kan ṣoṣo ni kò ní sí níbẹ̀: fọ́ńgọ́ọ̀sì. Ohunkóhun tí a bá bá nínú ìgò méjèèjì kì í ṣe ti fọ́ńgọ́ọ̀sì. Mo ń pè é ní ìgò ẹlẹ́rìí. Orúkọ yìí kì í ṣe tuntun, nítorí àwọn ará Benin tó ka ìwé ní èdè Faransé ń pe irú rẹ̀ ní témoin, ẹlẹ́rìí náà ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ó wù mí ju orúkọ Gẹ̀ẹ́sì lọ. Àwọn baba wa ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹni tó wo ìgò kan, tó sì dájọ́, ẹjọ́ ẹnìkan ló gbọ́.

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà, nítorí náà ìgò ẹlẹ́rìí nìkan kò tó nígbà gbogbo. Tí methanol bá so mọ́ ohun tí fọ́ńgọ́ọ̀sì ṣe ní tòótọ́, ìgò kejì kò ní fi hàn, torí pé ohun tí methanol máa so mọ́ kò sí níbẹ̀. Ẹ wá tún un ṣe pẹ̀lú kẹ́míkà olómi mìíràn. Bí ohun tuntun náà kò bá jáde mọ́, ẹ ti mọ baba rẹ̀. Àwọn tó lówó lè lo methanol tí wọ́n ti fi haidirojiini tó wúwo ju ti tẹ́lẹ̀ ṣe, bí àmì tí darandaran ń fi sí ara màlúù rẹ̀. Bí ẹ bá rí àmì náà lára ohun tí ẹ yọ jáde, methanol ló ṣe é. Ẹ tún lè máa wọn kẹ́míkà náà lójoojúmọ́. Èyí tí fọ́ńgọ́ọ̀sì ń ṣe máa ń pọ̀ sí i bí fọ́ńgọ́ọ̀sì ṣe ń dàgbà, èyí tó ti inú oúnjẹ wá kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ẹ̀rí tó lágbára jù lónìí ni ti jíìnì: kí wọ́n wá jíìnì tí fọ́ńgọ́ọ̀sì fi ń ṣe kẹ́míkà náà, kí wọ́n ba jíìnì yẹn jẹ́, kí wọ́n wò ó bóyá kẹ́míkà náà yóò dáwọ́ dúró. Wọ́n ti ṣe é fún lovastatin àti aflatoxin, àwọn méjèèjì sì yege.

Àìrí irú ẹ̀rí yẹn ló sọ ọ̀rọ̀ Taxol di àríyànjiyàn. Oògùn jẹjẹrẹ ni Taxol. Ara èèpo igi yew tó ń hù ní ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i, ẹni tó bá sì bó èèpo igi yẹn tán, igi náà yóò kú. Igi náà kì í tètè dàgbà, àwọn aláìsàn sì pọ̀. Ní 1993, ìwé ìròyìn Science gbé ìròyìn kan jáde láti ìpínlẹ̀ Montana, pé fọ́ńgọ́ọ̀sì kan tó ń gbé inú igi náà, Taxomyces andreanae, ń ṣe Taxol fúnra rẹ̀. Ìròyìn ayọ̀ ni! A kò ní gé igi mọ́, inú ìgò ni a ó ti máa gbin oògùn. Iye tí wọ́n rí kéré púpọ̀, kò tó ìdá kan nínú mílíọ̀nù mẹ́wàá gíráàmù nínú lítà kan, ṣùgbọ́n gbogbo ènìyàn gbà pé yóò pọ̀ sí i. Láti ìgbà náà, oríṣiríṣi láàbù káàkiri ayé bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn pé àwọn náà ti rí fọ́ńgọ́ọ̀sì tiwọn tó ń ṣe Taxol.

Ní 2013, ogún ọdún lẹ́yìn náà, àwọn onímọ̀ kan ní Jámánì gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò láti ìdí. Wọ́n mú fọ́ńgọ́ọ̀sì tí ìròyìn àkọ́kọ́ dá lé lórí gan-an, wọ́n sì ka DNA rẹ̀. Wọn kò rí àwọn jíìnì tí igi yew fi ń ṣe Taxol níbẹ̀, wọn kò sì rí ẹ̀rí kankan pé fọ́ńgọ́ọ̀sì náà ń dá a ṣe. Inú igi tó kún fún Taxol ni wọ́n ti mú fọ́ńgọ́ọ̀sì náà jáde. Ọmọ tó jáde láti ilé ìdáná, ṣé ẹ máa ní òun ló se ọbẹ̀ torí pé òórùn ọbẹ̀ wà lára aṣọ rẹ̀? Mi ò ní ẹnikẹ́ni purọ́. Àríyànjiyàn náà kò sì tíì tán pátápátá láàárín àwọn ọ̀mọ̀wé. Ṣùgbọ́n títí di òní, kò sí oògùn Taxol kankan ní ilé ìwòsàn tó wá láti inú ìgò fọ́ńgọ́ọ̀sì. Ara ewé igi yew àti sẹ́ẹ̀lì igi yew tí wọ́n ń tọ́ nínú àgbá ni wọ́n ti ń rí i. Ogún ọdún iṣẹ́ ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ló wà nínú ìyẹn, owó ìwádìí sì wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé ọ̀rọ̀ àwọn òyìnbó nìkan ni èyí, kó wo ọ̀rọ̀ igi tí àwa ń pè ní egbèsì, tí àwọn ẹlẹ́wé ọmọ ń ta egbò rẹ̀ fún ibà. Igi ni, kì í ṣe fọ́ńgọ́ọ̀sì, ṣùgbọ́n àṣìṣe kan náà ni. Ní 2013, ìròyìn jáde pé wọ́n bá tramadol nínú egbò igi yìí ní àríwá orílẹ̀-èdè Cameroon. Tramadol ọ̀hún náà ni, oògùn ìrora tí wọ́n ṣe nínú láàbù ní Jámánì, tí àwọn ọ̀dọ́ wa ń ṣì lò. Ayé gbọ́ pé ìṣẹ̀dá ti ṣe é ṣáájú ènìyàn. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, àwọn onímọ̀ mìíràn láti Jámánì pẹ̀lú àwọn ọmọ Cameroon lọ wo ilẹ̀ náà fúnra wọn. Wọ́n bá tramadol nínú egbò àwọn igi mìíràn tó wà nítòsí, wọ́n bá a nínú ilẹ̀ àti nínú omi. Wọ́n tún bá ohun tí ara ènìyàn àti ẹranko ń sọ tramadol dà lẹ́yìn tí wọ́n bá gbé e mì. Ní gúúsù Cameroon, níbi tí igi kan náà ń hù, wọn kò rí i. Àwọn àgbẹ̀ àríwá sọ fún wọn pé àwọn ń lo oògùn náà, àwọn sì ń fún màlúù àwọn. Ìtọ̀ ló gbé e dé ìdí igi!

Ẹ̀rí tó parí rẹ̀ dé ní 2016. Gbogbo ohun alààyè ló ní kábọ̀nù kan lára tó ń tú ìtànṣán jáde díẹ̀díẹ̀, carbon-14. Epo rọ̀bì tó ti wà nínú ilẹ̀ láti ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ọdún kò ní in mọ́, kẹ́míkà tí a bá sì fi epo rọ̀bì ṣe kò lè ní in. Wọ́n ra tramadol ní ọjà ìlú Maroua, wọ́n yọ òmíràn láti inú ilẹ̀ tí wọ́n ti rí i, wọ́n wọn méjèèjì. Kò sí carbon-14 nínú ìkankan. Epo rọ̀bì ni baba àwọn méjèèjì. Ẹ rò ó wò ká ní ẹnikẹ́ni kò padà lọ wò ó: ta ló máa dá ẹni tó ń ta egbò lọ́jà lẹ́kun kó má sọ fún ọ̀dọ́ pé tramadol inú egbò kò léwu, pé láti inú igi ló ti wá?

Mo mọ ohun tí àwọn kan máa sọ. Wọ́n á ní, kí ló kàn wá pẹ̀lú ẹni tó bí kẹ́míkà, bó bá ṣáà ti ń pa kòkòrò àrùn? Ó kàn wá, nítorí pé ibi tí ohun kan ti wá ni a máa padà lọ nígbà tí a bá fẹ́ púpọ̀ sí i. Ẹni tó rò pé fọ́ńgọ́ọ̀sì òun ló ń ṣe phthalate yóò máa tọ́ fọ́ńgọ́ọ̀sì, nígbà tó jẹ́ pé rọ́bà ni ì bá lọ rà. Bí àtọwọ́dá kan bá wúlò, kí a lò ó, kí a sì pè é ní àtọwọ́dá.

Wọ́n á tún ní, a kò lówó, a kò ní ẹ̀rọ tó ń ka jíìnì, ẹ má fi òfin àwọn ọlọ́rọ̀ dè wá. Ọ̀rọ̀ yìí ló ń bí mi nínú jù, nítorí ó dà bí àánú, bẹ́ẹ̀ ìfojútẹ́ńbẹ́lú ni. Èlò ni ìgò kejì? Ẹni tó lówó oúnjẹ ìgò mẹ́wàá lówó ti ìkọkànlá. Ibi tí ẹ̀rọ kò sí gan-an ni ìgò ẹlẹ́rìí ti ṣe pàtàkì jù, torí pé òun nìkan ni ààbò tó kù.

Ìkẹta ni pé wọ́n á ní irú ìbéèrè yìí máa ń pa ìtara ọmọdé. Mo fẹ́ sọ ohun tí mo fi ojú mi rí lórí èyí. Ọdún mélòó kan sẹ́yìn, mo jókòó wo ìdíje sáyẹ́ǹsì láàárín àwọn ilé-ẹ̀kọ́ girama kan. Àwọn ọmọkùnrin mẹ́ta gbé iṣẹ́ wọn wá. Wọ́n ti rẹ búrẹ́dì tó bu sínú sípírítì, wọ́n kán omi rẹ̀ sínú àwo tí bakitéríà wà, bakitéríà sì kú ní ibi tí wọ́n kán an sí. Wọ́n ní àwọn ti rí oògùn tuntun. Àtẹ́wọ́ sọ. Lẹ́yìn wọn ni ọmọbìnrin kan dìde. Iṣẹ́ kan náà ló ṣe, ṣùgbọ́n àwo méjì ló gbé wá. Ó kán sípírítì tó rẹ búrẹ́dì sí ọ̀kan, ó kán sípírítì lásán sí èkejì. Bakitéríà kú nínú méjèèjì, bákan náà. Ó sọ ọ́ kedere pé, "Ẹ̀yin àgbà, sípírítì ló pa wọ́n, n kò rí iṣẹ́ tí búrẹ́dì ṣe." Ọ̀kan nínú àwọn adájọ́ ní kó má banú jẹ́, pé iṣẹ́ rẹ̀ yóò yọrí lọ́dún tó ń bọ̀. Àwọn ọmọkùnrin náà ló gba ipò kìíní.

Iṣẹ́ ta ló yọrí níbẹ̀? Ọmọbìnrin yẹn nìkan ló mọ ohun tó pa bakitéríà nínú gbọ̀ngàn náà, ó sì ti sọ fún gbogbo wa ohun tó pa ti àwọn ọmọkùnrin náà pẹ̀lú. Ẹ̀bi àwọn ọmọkùnrin náà kọ́, kò sẹ́ni tó béèrè ẹlẹ́rìí lọ́wọ́ wọn rí. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe máa dé yunifásítì, wọ́n á rí phthalate, wọ́n á sì sọ ọ́ lórúkọ. Bí ìtara bá wà tó ń kú nítorí àwo kejì, ìtara ọmọbìnrin yẹn ni mo rí tó ń kú lójú mi, nígbà tó ń kó àwo rẹ̀ méjèèjì padà sínú páálí.

Nítorí náà, ohun tí mò ń béèrè lọ́wọ́ ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin tó ń ṣe adájọ́ ìdíje kò pọ̀. Kí máàkì wà fún ẹlẹ́rìí, kó sì tó ìdajì. Kí iṣẹ́ tí kò ní ẹlẹ́rìí má ṣe gba ipò kìíní, bó ti wù kó dán tó. Kí ọmọ tó bá sọ pé "n kò rí nǹkan kan" pẹ̀lú ẹ̀rí gba máàkì bí ẹni tó rí nǹkan.

Ẹ̀yin òbí náà lè bẹ̀rẹ̀ nílé. Ẹ ra búrẹ́dì kan, ẹ gé ègé méjì lára rẹ̀. Ẹ wọ́n omi sí ọ̀kan, ẹ fi sínú ike kan tó ní ìdérí, kó lè bu. Ẹ sá èkejì gbẹ dáadáa, ẹ fi sínú irú ike kan náà, kó má baà bu. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ẹ da iye sípírítì kan náà sí méjèèjì, kí àgbàlagbà sì ni yóò ṣí èyí tó bu, níta, nítorí pé ohun tó ń fò jáde lára rẹ̀ kò dára fún àyà, pàápàá àyà ọmọ tó ní ikọ́ fée. Ẹ gbé ike kẹta tí sípírítì nìkan wà nínú rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ wọn. Ẹ jẹ́ kí ọmọ fi báírò kọ ọ̀rọ̀ sára wọn: "èyí tó bu", "ẹlẹ́rìí kìíní", "ẹlẹ́rìí kejì". Lẹ́yìn ọjọ́ kan, kí ó ṣàpèjúwe àwọ̀ àti òórùn àwọn ẹlẹ́rìí méjèèjì sínú ìwé rẹ̀ kí ó tó fọwọ́ kan ti èyí tó bu.